Ọmọge Méjì Inú Nẹ́gátíìfù Kan

Àwọn obìnrin tó ń gbé inú yàrá mi pọ̀ ju ti ọba kankan lọ, ìyàwó mi sì mọ̀ sí i. Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n ń gbé. Àwọn kan wà nínú páálí bàtà, àwọn kan wà láàárín ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo tẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn kì í jẹun, wọn kì í béèrè aṣọ, wọn kì í sì í darúgbó. Èyí tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á ṣì gbé e síbẹ̀ di òní.

Fọ́tò ọlọ́mọge ni mò ń kó jọ, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ayé ìgbà kan máa ń yà fún kàlẹ́ńdà, kí ẹni tó ń ta páúdà tàbí ẹni tó ń ta ọtí lè tẹ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó sì pín in fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́dún tuntun. Ọmọge tó wọ síkẹ́ẹ̀tì péńpé, tó jókòó sórí alùpùpù tí kò mọ̀ ọ́n gùn. Ọmọge tó ró ìró mọ́ àyà, tó gbé fóònù sétí, tí okùn fóònù náà kò sì so mọ́ ibì kankan. Ọmọge tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ níwájú aṣọ tí wọ́n kun òkun sí, nígbà tó jẹ́ pé òkun gidi wà ní Èkó níbí, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ wọ mọ́tò débẹ̀ ni.

Fọ́tò nìkan kò tó mi. Nẹ́gátíìfù ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn fíìmù gan-an tó wà nínú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Èèyàn lè tẹ fọ́tò jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, nẹ́gátíìfù ọ̀kan ṣoṣo ni. Òun ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sójú fèrèsé, ẹ ó rí ọmọge tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, tó ní eyín dúdú, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyàwó mi jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti apá Ọ̀yọ́, ó ní iwin ni wọ́n. Mo ní iwin tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ fún onífọ́tò, ó sàn ju àwọn ará ilé wa lọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe ní Ṣómólú títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀ láti dúró ti ẹ̀rọ. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì rí òpin rẹ̀, àmọ́ ìwé tí mo ti gé etí rẹ̀ pọ̀ ju ìwé tí àwọn lọ́yà ti kà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọge yìí ti wọ̀ mí lára. Kàlẹ́ńdà kan wà tí a tẹ̀ nígbà tí mo ṣì lágbára. Ọmọge inú oṣù kejì rẹ̀ dára débi pé kò sẹ́ni tó gbà kí wọ́n ṣí ewé rẹ̀ kọjá. Gbogbo Ṣómólú ti ń ra adìyẹ ọdún, oṣù kejì la ṣì wà nílé tiwa. Ìyàwó alájọgbélé wa kan lóyún nínú oṣù kejì, inú oṣù kejì yẹn náà ló sì bímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti oko, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn. A mú un lọ sídìí kàlẹ́ńdà. Ó wo ara ògiri, ó wo ọmọge náà títí, ó ní òótọ́ ni, ó gbé ọmọ jó. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ yẹn. Ó ti kú.

Nígbà tí kámẹ́rà wá wọ inú fóònù, àwọn sítúdíò bẹ̀rẹ̀ sí í tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onífọ́tò ń kú, àwọn ọmọ wọn sì ń kó nẹ́gátíìfù bàbá wọn dà sí ààtàn. Mo máa ń rìn ká láti gbà wọ́n: Ọbanikoro, ẹ̀yìn Igbóbì níbi tí sítúdíò kan ti ń ya àwọn tó bá jáde ní ilé ìwòsàn eegun pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti jiná, àti Fọlá Agoro. Ní Fọlá Agoro yìí ni mo ti rí àwọn ìbejì.

Nẹ́gátíìfù ńlá ni, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọmọge méjì jókòó lórí àga gígùn kan, wọ́n wọ gáùn aláìlápá tó mọ sókè orúnkún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ojú kan náà, imú kan náà, ọrùn kan náà. Ọ̀kan na agolo páúdà síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bá ń wò ó. Èkejì kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò rẹ́rìn-ín. Ìlà tín-ín-rín kan sì gba àárín wọn láti òkè délẹ̀. Mo rò pé fíìmù ló ṣẹ́ níbẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onígíráfíìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ilé wa. Ó fi sikánà gbà á sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Mo so ó kọ́ okùn níwájú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án, kí àwọn tó ń kọjá lè rí nǹkan wò, kí èmi náà sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì lọmọge yẹn fi na páúdà síni. Gbogbo ẹni tó bá dúró ló ń bi mí pé irú ọmọ wo nìyí, kò ní ìyá ni? Mo bá wá ìtàn sí i. Mo ní nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn méjèèjì ló ń jìjàdù mi, wọ́n ń já ara wọn ní gèlè láti Ọbanikoro dé etí ọ̀sà, táwọn apẹja á sì wa ọkọ̀ wá sẹ́bàá omi láti wòran. Mo ní èyí tó ń fi ọwọ́ òsì na nǹkan síni yìí, mi ò lè fẹ́ ẹ, ta ni yóò gbé oúnjẹ fún ìyá mi? Èkejì ni mo mú, ẹni jẹ́jẹ́ tó kó ọwọ́ lé itan. Mo ní a ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó kí obìnrin tó wà nílé mi yìí tó fi ọbẹ̀ mú mi.

Ìyàwó mi máa ń dáhùn láti inú ilé pé, "Ta ló fẹ́ yín? Èmi ni mo ṣàánú yín!"

Ìtàn yìí ló mú ọkùnrin kan dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èèyàn Ìkòyí, tó wọ ṣòkòtò funfun báláú. Òun náà ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ, àmọ́ tirẹ̀ ń gbé inú yàrá tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú tutù. Ó ní òun ń múra àfihàn kan ní ìlú òyìnbó, òun sì fẹ́ nẹ́gátíìfù ìbejì yìí gan-an, fọ́tò lásán kò tó òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí, nítorí irú ọ̀rọ̀ tèmi ni. Mo ní kò burú. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun máa wá gbé e.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ìyá ẹlẹ́ja kan dé. Ìyá àgbà ni, ọ̀kan nínú àwọn ará etí òkun Oǹdó tí wọ́n ń gbé etí ọ̀sà ní Bàrígà, tí wọ́n ń yan ẹja. Ó ru bàsíà rẹ̀ bọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹja wo lẹ gbé?"

Kò dá mi lóhùn. Ó ti rí okùn fọ́tò. Ó sọ bàsíà kalẹ̀, ó sún mọ́ àwọn ìbejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn wọ́n.

"Ta ló yí wa sódì báyìí?"

"Ta lẹ̀ ń pè ní 'wa'?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi." Ó fi ìka kan èyí tó na páúdà. "Ọmọ tí ìyá mi bí ló máa fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí oníbàárà? Nínú kàlẹ́ńdà? Kí n sì padà sílé? Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi nà án, Bàbá. Ẹ̀yìn fíìmù lẹ fi ṣe ojú."

Mo dìde, mo wọlé lọ wo nẹ́gátíìfù náà. Nẹ́gátíìfù ní ojú méjì, ọ̀kan ń dán, èkejì kò dán. Tí wọ́n bá gbé e sí òdì, ọ̀tún á di òsì, kò sì ní sí nǹkan mìíràn tó máa yí padà tí èèyàn máa fi mọ̀. Òdì ni a gbé e sí. Èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Kí n tó jáde, ìyàwó mi ti ṣáájú mi débẹ̀, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání.

"Màmá, ẹ bá mi bi í léèrè. Ó ní ẹ̀gbọ́n yín lòun fẹ́ fẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́ fún."

Ìyá ẹlẹ́ja yíjú sí mi. "Èwo nínú wa?"

"Èyí tó kó ọwọ́ lé itan," ni ìyàwó mi wí.

Ìyá náà fìdí lé bẹ́ǹṣì mi. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi, àmọ́ ẹ̀rín ló fẹ́ pa á. "Háà! Bàbá yìí! Ẹ̀gbọ́n mi kú kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn."

Ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti ẹnu ṣíbí.

Ó wá sọ ọ́ fún wa, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Òun ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wọn, èkejì tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ibà mú ẹ̀gbọ́n yìí lọ. Ìyá wọn ti wọ ìjọ nígbà yẹn, kò gbẹ́ ère ìbejì, fọ́tò ló fẹ́. Ó ti gbọ́ pé tí ìbejì kan bá kú, onífọ́tò lè mú èyí tó kù jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Yóò fi bébà dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, yóò ya ọmọ náà ní apá kan. Yóò tún gbé e lọ sí apá kejì, yóò gbé bébà sí ibi tó ti yà, yóò sì yà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, ìbejì á pé. Àmọ́ kò sí onífọ́tò létí òkun wọn lọ́hùn-ún, ìyá náà ń retí títí.

"Mo ti lé lógún ọdún nígbà tí mo dé Èkó," ó wí. "Onífọ́tò tó wà ní Fọlá Agoro rí mi níbi tí mo ti ń kiri, ó ní òun ń wá ọmọge fún kàlẹ́ńdà páúdà. Mo ní tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá sí níbẹ̀, mi ò jókòó. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi dà? Mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn. Inú olówó páúdà tiẹ̀ dùn ju tirẹ̀ lọ, ọmọge méjì ló rí."

"Kí ló dé tí ọ̀kan ò rẹ́rìn-ín?" mo bi í.

"Àga ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ìyá wa ní kì í rẹ́rìn-ín fún àlejò. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló jókòó sí, ẹ wá lọ gbé e sí òsì."

Fọ́tò tó bọ́ sọ́wọ́ ìyá wọn bá a wọ sàréè. Ti ìyá ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ wà nílé etí omi títí ọ̀sà fi kún wọlé lọ́dún kan, omi sì fọ ojú àwọn méjèèjì dànù, ó ku àga. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà mọ́ láyé yìí, àfi nínú agolo bisikíìtì mi.

"Ẹ fún mi ní fíìmù yẹn, Bàbá."

Mo ní mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnì kan.

"Ẹ̀yin?" ìyàwó mi pariwo. "Ẹ̀yin náà ń mú ìlérí ṣẹ? Láti ìgbà wo?"

Ìyá náà kò fetí sí ìyẹn. "Kí ni ẹni náà fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?"

"Ó fẹ́ gbé e kọ́ ògiri ní ìlú òyìnbó."

"Ó mọ̀ ọ́n ni?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

Ó tún wo fọ́tò tó wà lórí okùn. "Tó bá jẹ́ pé ó ń lọ, ẹ tẹ ẹ̀gbọ́n mi jáde fún mi kó tó lọ. Òun nìkan. Ẹ yọ tèmi kúrò. Ojú tèmi, mò ń rí i nínú dígí lójoojúmọ́, kò wù mí mọ́."

A gbé bàsíà ẹja sọ́dọ̀ ìyàwó mi, a lọ bá onígíráfíìkì. Ọkùnrin náà ní kí Màmá jókòó, ṣáápù-ṣáápù lòun máa ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró tì í, mo rí i dájú pé ojú tó yẹ ló kọ sílẹ̀. Ó gé apá kan kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó fi ẹni tó kó ọwọ́ lé itan sílẹ̀, ó mú kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn. Ọmọge kan ṣoṣo, tó jókòó sí ìpẹ̀kun àga.

Ìyá ẹlẹ́ja gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èmi nìyí," ó wí.

"Rárá, Mà, òun ni," ni onígíráfíìkì dáhùn. "Èyí tí ò rẹ́rìn-ín. Òun náà lẹ ní kí n tẹ̀ jáde."

"Èmi ni. Gáùn yẹn há mi lábíyá, mò ń fa ikùn sínú kó má baà fàya. Wò ó, mo rántí rẹ̀." Ó dá bébà náà padà fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní kí o tẹ̀."

Onígíráfíìkì wò mí. Mo wo fáànù tó ń yí lókè orí wa.

"Dá mi padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀," ìyá náà wí.

Ó dá a padà. Bó ṣe jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí òun bá wọn pa ìlà àárín yẹn rẹ́, kó lè dán mọ́rán. Ìyá náà ní kó fi sílẹ̀, ibẹ̀ ni bébà dúdú dé. Fọ́tò jáde ní gbígbóná. Àwọn méjèèjì pé lórí àga, ọwọ́ ọ̀tún na páúdà, ẹ̀gbọ́n wà ní ọwọ́ ọ̀tún àbúrò. Ìyá ẹlẹ́ja kò wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń nawọ́ sí ẹni tó dúró ní òdìkejì títì. Èmi náà gba fọ́tò náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹlẹ́ja ló kù lórí bébà, ó fa ikùn sínú. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó sì di ẹlòmíràn. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi, mo sì dá irọ́ mọ̀ tí mo bá rí i. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Mo yọ nẹ́gátíìfù náà nínú àpòòwé, mo nà án sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi nà án.

Kò gbà á. "Omi ń wọlé lọ́dọ̀ mi. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ síbi tó gbẹ. Ẹni tó bá ń béèrè rẹ̀, ẹ ní kó wá bá wa." Ó gba fọ́tò, ó lọ gbé bàsíà rẹ̀, ó sì bá ìyàwó mi ṣẹjọ́ pé ó ti mú ẹja tó tóbi jù.

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin Ìkòyí dé ní Sátidé, kò bá nẹ́gátíìfù lórí tábìlì. Mo ní a ti rí ẹni tó ni ín, mo sì mọ ilé rẹ̀. A wọ mọ́tò rẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà tí títì tán, a sọ̀ kalẹ̀, a rìn lórí pákó tí wọ́n tò sórí ẹrẹ̀, ó gbé etí ṣòkòtò funfun rẹ̀ sókè. Ìyá ẹlẹ́ja wà nídìí ààrò, èéfín bò ó. Ó ti fi fọ́tò sínú ọ̀rá, ó so ó kọ́ ara òpó kan níbi tí omi kò lè dé.

Ọkùnrin náà kí i dáadáa. Ó ń ṣàlàyé àfihàn, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa fi iná sí i lára, bí àwọn èèyàn ńlá ṣe máa tò lọ wò ó. Ìyá náà ń yí ẹja padà.

"Ẹ kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ná," ó wí, ó fi ẹnu júwe òpó.

Ọkùnrin náà wò mí. Mo ń wo ọkọ̀ ojú omi kan tó ń lọ. Ó yíjú sí fọ́tò náà, ó ní, "Ẹ káàsán, Mà."

"Báyìí lẹ ṣe ń kí àgbà nílé yín?"

Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ kan délẹ̀ pákó. Ìyá náà ní ó ti tó, ẹ̀gbọ́n òun ní ó ṣeun.

"Ọ̀rọ̀ ìlú òyìnbó tẹ́ ẹ sọ," ó wí, "kò burú. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì lọ ibì kankan láìsí èmi. Tí òun bá ń lọ, èmi náà ń lọ. Ṣé ẹ máa bá àwa méjèèjì gba físà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó, ó ń retí èsì. Ẹ̀rín náà tán lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa. Ẹja wo lẹ fẹ́?"

Ẹja tó nípọn méjì ló mú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, ó gbé e lé itan nínú mọ́tò, òróró sì ta bá ṣòkòtò funfun rẹ̀. Òórùn èéfín gba inú mọ́tò kan títí a fi dé Ṣómólú, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó yọ orí jáde lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá mo ní òmíràn tí kò ní ẹbí.

Mo ní màá wò ó.